Àwọ̀ Ilé Òrìṣà: Bí A Ṣe Ń Wo Àwòrán Tẹ́ńpìlì

Bí ayàwòrán ará Íńdíà bá ya tẹ́ńpìlì, ojú kì í tètè rí ibi tó máa bà sí. Pupa á wà níbẹ̀, àwọ̀ ọsàn á wà níbẹ̀, búlúù tó jin bí aró á wà níbẹ̀, àwọ̀ wúrà á sì máa tàn láàárín gbogbo wọn. Ẹni tó bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lára ògiri ọ́fíìsì tàbí lórí kàlẹ́ńdà á ní, “Ó mà dára o, àwọ̀ pọ̀ lára ẹ̀,” á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwòkọjá yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará Festac àti gbogbo Amúwo-Ọ̀dọ̀fin sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìlú tí wọ́n tìtorí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà kọ́ là ń gbé. Kò yẹ kí àwa náà máa wo àwòrán bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá lọ ní Mile 2.

Ẹ jẹ́ ká ti Íńdíà bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Madurai, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, tẹ́ńpìlì Meenakshi ní ilé gogoro 14, èyí tó ga jù nínú wọn sì lé ní mítà 50. Ère òrìṣà, ère èèyàn àti ti ẹranko ló bo àwọn ilé gogoro náà láti ìdí dé orí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì fi ọ̀dà olóríṣiríṣi àwọ̀ kùn. Oòrùn ibẹ̀ mú, òjò ibẹ̀ náà sì le, nítorí náà ọ̀dà náà máa ń ṣá. Ní nǹkan bí ọdún 12 síra wọn, wọ́n á tún un kùn, wọ́n á sì ṣe ètò ìsìn ńlá láti tún ilé náà yà sí mímọ́. Àwọ̀ wà lára ìjọsìn níbẹ̀. Nígbà tí ayàwòrán òde òní bá wá ya irú ilé bẹ́ẹ̀ sórí kánfáàsì, àwọ̀ tó bá lára ilé ló ń bá wí, kò kàn fi ariwo kún iṣẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ayàwòrán ní òmìnira láti yan èyí tó wù ú. Ẹ wo ìlú Banaras, ìlú mímọ́ tó wà létí odò Ganges. Ayàwòrán méjì ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ya ìlú kan náà yìí. Manu Parekh, tí wọ́n bí ní Ahmedabad ní 1939, ya tẹ́ńpìlì etí odò náà bí ìgbà tí iná àti òdòdó bá ń jà nínú òkùnkùn: òru dúdú, kí pupa àti àwọ̀ ọsàn wá yọ láàárín rẹ̀ gbòò. Ram Kumar, tí wọ́n bí ní 1924 tó sì kú ní 2018, ya Banaras tirẹ̀ ní àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀, ilé lórí ilé, láìsí èèyàn kankan. Ìlú kan náà ni o, odò kan náà. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa bi àwòrán tẹ́ńpìlì fi jẹ́: èwo nínú àwọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ẹni yìí mú, èwo ló fi sílẹ̀, kí ló sì fẹ́ kí n rí?

A kò nílò láti wọ bàálù kí a tó rí ilé òrìṣà aláwọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ ni ojúbọ Òrìṣà Ìkirè wà, àwọn obìnrin ló sì ń kun ògiri rẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà tí ọdún òrìṣà bá ń bọ̀, wọ́n á pa àwòrán èṣí rẹ́, wọ́n á tún ojú ògiri ṣe, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya tuntun. Inú ilẹ̀ àti inú igbó ni ọ̀pọ̀ ohun èlò wọn ti ń wá: ẹfun fún funfun, ilẹ̀ pupa fún pupa, èédú fún dúdú, ewé fún ohun tó bá fẹ́ jọ ewé. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó, wọ́n á dán an wò lójú ògiri. Ẹranko máa ń wà nínú àwòrán wọn, èèyàn máa ń wà níbẹ̀, ọnà tó jẹ́ ìlà àti àmì tóótòòtó náà kì í gbẹ́yìn. Wọn kì í fẹ́ kí àyè ṣófo. Bí àwòrán kan bá parí, àmì á ti kún àárín òun àti èkejì rẹ̀, tí ògiri náà á fi dà bí aṣọ olónà kan ṣoṣo tí wọ́n fi wọ ilé náà.

Ohun mẹ́ta ló wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé wọn wò dáadáa. Èkíní ni pé àwùjọ ló ń yà á. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń pàdé lójú ògiri kan náà, àgbà ń fi ìlà han ọmọdé, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dá ń ran èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́. Èkejì ni pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìsìn. Kò sí ẹni tó ń yà á kí àlejò lè wá rà á. Òrìṣà ni wọ́n ń ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbálẹ̀ de bàbá rẹ̀ tó ń ti oko bọ̀. Ẹ̀kẹta ló máa ń ya àwọn tó kọ́ ìwé ọnà ní ilẹ̀ òyìnbó lẹ́nu: wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn pa á rẹ́. Àwòrán tó gba ọ̀pọ̀ ìyá ní ọ̀pọ̀ wákàtí kò ní ju ọdún kan lọ. Èyí tó ń gbé látọdún dé ọdún ni ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yà á. Tí ọwọ́ yẹn bá lọ tí kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ, kò sí mùsíọ́ọ̀mù tó lè dá a padà fún wa.

Ní ti àwọ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ Yorùbá tó gbọ́ àlọ́ dáadáa mọ àwọn ẹyẹ mẹ́ta kan: agbè tó ni aró, àlùkò tó ni osùn, lékeléke tó ni ẹfun. Ẹ̀kọ́ nípa àwọ̀ ni àwọn àgbà fi pamọ́ sára ẹyẹ wọ̀nyẹn. Ìdílé àwọ̀ mẹ́ta ni: dúdú, pupa, funfun. Aró wà lọ́dọ̀ dúdú, ewé tútù náà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Osùn wà lọ́dọ̀ pupa, bẹ́ẹ̀ náà ni epo, bẹ́ẹ̀ náà ni idẹ Ọ̀ṣun tó ń kọ mànà. Ẹfun, òwú àti irun àgbà wà lọ́dọ̀ funfun. Nítorí náà, níbi tí àlejò ti máa ka àwọ̀ méje tàbí mẹ́jọ lára ògiri ojúbọ, ìyá tó yà á lè máa gbọ́ ohùn mẹ́ta péré.

Ohùn kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwà tirẹ̀. Funfun tutù, ti Ọbàtálá ni, sùúrù àti ìmọ́tótó ló ń wí. Pupa gbóná, agbára àti ewu wà nínú rẹ̀. Dúdú jin, ó ń bo nǹkan mọ́ra. Ṣàngó so pupa mọ́ funfun nínú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ọba tó ń bínú gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa tù ú lójú. Èṣù so pupa mọ́ dúdú. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní sọ pé àwọ̀ pọ̀ lára ojúbọ kan mọ́. Á sọ pé ilé yìí gbóná, tàbí pé wọ́n ti fi ẹfun rọ̀ ọ́ lójú. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìwòran ti ń di ìmọ̀.

Ẹ wá mú ojú kan náà padà lọ sí Íńdíà. Ní ìhà gúúsù ibẹ̀, wọ́n máa ń fi ìlà pupa àti funfun gbọọrọ kun ògiri ìta tẹ́ńpìlì. Àwọn olùjọsìn Shiva máa ń fi eérú funfun fa ìlà mẹ́ta sí iwájú orí. Àtalẹ̀ pupa tí wọ́n lọ̀ kúnná máa ń wà níbi ìsìn, ẹ̀bu pupa tí wọ́n ń tọ́ sí iwájú orí náà sì ń wà níbẹ̀. Búlúù ni wọ́n sábà máa ń fi ya ara Krishna. N kò sọ pé a jẹ́ ìbátan wọn, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé ìtumọ̀ pupa wọn ni ìtumọ̀ pupa tiwa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ilé rẹ̀ ti kọ́ pé àwọ̀ ní ìwà kò ní gba ti ẹlòmíràn sí ọ̀ṣọ́ lásán. Á béèrè ta ló ni ilé yìí, kí ni wọ́n fi ń bọ ọ́, kí ló dé tí pupa fi pọ̀ tó báyìí.

Báwo wá ni ògiri ojúbọ ṣe dé orí kánfáàsì ní ọ̀dọ̀ wa? Ní 1989, àwọn ayàwòrán kan ní yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ọnà. Moyo Okediji, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1956, wà lára àwọn tó síwájú, Kunle Filani, Tola Wewe àti Bolaji Campbell náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti kàwé nípa àwọn ayàwòrán Yúróòpù dé ọrùn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ńlá mìíràn wà ní ẹ̀yìn ọgbà wọn, àwọn ìyá tó ń kun ojúbọ Ìkirè ló sì jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Okediji tọ̀ wọ́n lọ, ó wo iṣẹ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ tó ti inú ilẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dípò ọ̀dà inú agolo tó ti òkè òkun dé. Campbell ní tirẹ̀ ṣe ìwádìí títí, ó sì gbé odindi ìwé jáde ní 2008 lórí àwòrán ara ògiri ojúbọ ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn ará ilé wa tó wá láti ilẹ̀ Igbo, tí wọ́n pọ̀ ní Festac, ní irú ìtàn yìí náà. Àwọn ìyá wọn ló ń ya ọnà tí wọ́n ń pè ní ulì sí ara àti sí ògiri. Ayàwòrán Uche Okeke mú ulì wọ inú iṣẹ́ ọnà òde òní, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Nsukka lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Bí ìyá àgbà kan láti ìhà ọ̀hún bá ń gbé ládùúgbò yín, ẹ lọ béèrè ulì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà.

Òṣogbo gba ọ̀nà mìíràn. Ayàwòrán òyìnbó kan, Susanne Wenger, dé Nàìjíríà ní 1950, ó di olórìṣà, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí Adebisi Akanji, Buraimoh Gbadamosi àti Kasali Akangbe sì fi sìmẹ́ǹtì, igi àti òkúta tún ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ṣe. Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ọpẹ́ ni fún iṣẹ́ yẹn, nítorí bí kò bá sí i, ó ṣeé ṣe kí igbó náà ti di ilẹ̀ tí wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ní ìwà tirẹ̀: ó ń dúró. Kò pọn dandan kí ọwọ́ tuntun kàn án lọ́dọọdún, ibẹ̀ ló sì ti yàtọ̀ sí ògiri Ìkirè, tó jẹ́ pé tí a kò bá kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ náà, ògiri máa ṣófo lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan láti dáàbò bò, ti Ìkirè ni màá mú, torí òun ló tètè lè parẹ́.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí. A mọ orúkọ Okediji, a mọ ti Campbell, a mọ ti Wenger. Ta ni nínú wa tó lè dárúkọ ìyá kan ṣoṣo tó kun ojúbọ Ìkirè? N kò dá àwọn ayàwòrán lẹ́bi. Àwọn gan-an ló jẹ́ kí ayé gbọ́ pé àwọn ìyá náà wà. Ṣùgbọ́n Íńdíà tún ṣe ohun kan tó yẹ kí a wò fínnífínní. Ní agbègbè Mithila, ní ìpínlẹ̀ Bihar, àwọn obìnrin ló ń ya àwòrán òrìṣà àti ti ìgbéyàwó sára ògiri ilé, láti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Nígbà tí ọ̀dá dé ní nǹkan bí 1966 sí 1967 tí oko kò mú nǹkan wá, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ ọwọ́ gbé bébà fún àwọn obìnrin náà, wọ́n ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n ń yà sára ògiri sórí rẹ̀, kí wọ́n lè rí owó jẹun. Wọ́n yà á. Jagdamba Devi gba oyè Padma Shri lọ́wọ́ ìjọba Íńdíà ní 1975. Sita Devi àti Ganga Devi náà di ẹni tí ayé mọ̀. Orúkọ àwọn ìyá abúlé fúnra wọn ló wà lórí iṣẹ́ wọn, owó iṣẹ́ náà sì wọ inú ilé wọn.

Bébà lásán ni o. Bébà, owó díẹ̀, àti ẹni tó gbà pé ìyá tó ń ya ògiri jẹ́ ayàwòrán ní kíkún. Irú rẹ̀ kò ju agbára Nàìjíríà lọ nígbà náà, kò sì ju agbára wa lọ nísinsìnyí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Festac gan-an. Láti ọjọ́ 15 oṣù January sí ọjọ́ 12 oṣù February ọdún 1977, àwọn aláwọ̀ dúdú láti gbogbo ayé péjọ sí Èkó fún FESTAC '77, ilé tí a sì ń gbé lónìí wà lára èyí tí ìjọba kọ́ de àwọn àlejò náà. Ojú Ìdíà, ìyá Ọba Esigie ti Benin, ni wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún náà. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ère àkọ́kọ́, ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò sì gbà láti yá wa lò, Erhabor Emokpae ló sì ya àmì tí gbogbo ayé wá mọ̀. David Aradeon, tó jẹ́ ayàwòrán ilé, ṣe ìpàtẹ kan nínú àjọ̀dún yẹn lórí ọgbọ́n ilé kíkọ́ Áfíríkà, kí àwọn èèyàn lè rí i pé ilé amọ̀ wa ní ìmọ̀ nínú. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ojú obìnrin ló wà lórí àmì FESTAC, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń kun ilé òrìṣà kò ní àmì kankan ní ìlú tí àjọ̀dún náà bí. Ẹ rìn láti 1st Avenue dé 7th Avenue. Fẹ́ǹsì pọ̀, pósítà olóṣèlú pọ̀ lára rẹ̀, ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má tọ̀ síbẹ̀ pọ̀. Ògiri tó ń sọ ìtàn fún ọmọdé ló ṣọ̀wọ́n.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan máa sọ: wọ́n á ní ti abọ̀rìṣà ni, onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí làwọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Paul's ní Ebúté-Mẹ́ta, ẹ wo àwòrán ìrìn àjò Jésù lọ sí Kalfari, ibùdó 14, tí ayàwòrán Bruce Onobrakpeya yà. Aṣọ tó jọ àdìrẹ wa ló wà lọ́rùn àwọn èèyàn inú rẹ̀, ojú wọn jọ ojú wa. Kò sí ẹni tó di abọ̀rìṣà nítorí pé ó kúnlẹ̀ síwájú àwòrán yẹn. Ọnà lè kúrò ní ilé kan wọ ilé mìíràn, kó gbé ọgbọ́n rẹ̀ dání. Ọmọ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ ẹfun àti bí wọ́n ṣe ń fi àmì kún àyè tó ṣófo kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìrònú. Ẹni tó máa sìn ṣì wà láàárín òun àti àwọn òbí rẹ̀.

Mo wá ń bẹ àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa níbí, láti Festac dé Satellite Town, láti Agboju dé Mile 2. Ẹ wá ògiri kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kó má tóbi jù. Ẹ ra ẹfun àti osùn lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta àgbo lọ́jà, ẹ ní kí àwọn ọmọ gbé èédú wá láti ilé, ẹ wa ilẹ̀ pupa. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo àwòrán tẹ́ńpìlì Íńdíà àti fọ́tò ojúbọ Ìkirè, kí wọ́n sọ èyí tó gbóná àti èyí tó tutù fún wọn, kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ya ilé ìjọsìn tí wọ́n mọ̀ jù: ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ojúbọ ìdílé bàbá wọn. Kí olùkọ́ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó yà á sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀ sí ìwé ilé ẹ̀kọ́. Tí ọdún bá yí po, kí àwọn ọmọ kíláàsì tó tẹ̀ lé wọn wá fi ẹfun pa á rẹ́, kí wọ́n sì ya tiwọn.